Ẹnu Ìbọn àti Ìdí Ìbọn

Bàbá bàbá mi kò ní àtàǹpàkò lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ọdún tó kọjá ni wọ́n tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi nílé wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọdẹ ni wọ́n. Lóru ọjọ́ kan nínú igbó, wọ́n ki ìbọn ṣakabùlà wọn, wọ́n gbàgbé, wọ́n sì tún un kì. Bí wọ́n ti yìn ín báyìí, ìbọn bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ kò wo inú rẹ̀ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ta ní í rí ìsàlẹ̀ kànga lóru?”

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi wádìí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ki ìbọn láti àtijọ́.

Ẹnu ni ṣakabùlà ti ń jẹun. Ẹ̀tù ló ń kọ́kọ́ wọlé, ọta a tẹ̀ lé e, a ó sì fi ọ̀pá irin gún wọn mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ dí pa. Ọ̀pá yìí nìkan ló lè sọ bóyá nǹkan wà nínú ìbọn: bí ó bá wọlé dé ìsàlẹ̀, òfìfo ni, bí ó bá yọ sókè ju bó ti yẹ lọ, ìbọn ti yó.

Irú ìbọn yìí ni ọ̀pọ̀ jagunjagun kọ́kọ́ gbé lọ sí Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìlá wà lára àwọn ìlú Èkìtì Parapọ̀ tó dojú kọ Ìbàdàn ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ìdí ni wọ́n ti ń ki ìyẹn. Snider wà lára wọn, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1866. Àwọn tó ṣe é kò sọ ìbọn àtijọ́ nù. Wọ́n gé ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi ìdérí irin tó ń ṣí sí i. Kí ẹni tó ní ìbọn àtijọ́ tó yin ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹni tó ní Snider lè yin bíi mẹ́wàá. Síbẹ̀, ìbọn kọ́ ló parí ìjà náà. Àdéhùn àlàáfíà ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní 1886, àwọn jagunjagun sì tú ká pátápátá ní 1893.

Àbúrò bàbá mi ní ìbọn afẹ́fẹ́ tó fi ń yin ẹyẹ. Tó bá tẹ̀ ẹ́ láàárín, ìdí agbada rẹ̀ a ṣí, sípíríǹgì inú rẹ̀ a sún kì. Ọta kékeré kan ṣoṣo ló ń fi síbẹ̀. Èmi náà rí ìmọ́lẹ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré látilẹ̀wá. Ní nǹkan bí 1780, àwọn ọmọ ogun Austria gba èyí tí Girardoni ṣe. Ó gba ọta bíi 20 nínú ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jagunjagun sì lè dùbúlẹ̀ kì í láì dìde fún ọ̀tá láti rí.

Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó to ṣakabùlà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbọn tí à ń ki láti ẹnu, ó sì to ìbọn afẹ́fẹ́ sí ọ̀wọ́ mìíràn. Méjèèjì ló ń fẹ́ ìwé àṣẹ.

Agbára ìbọn àti bí ọta rẹ̀ ṣe ń jìnnà tó ni àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sọ. Èmi ti rí i pé ibi tí ìbọn ti ń jẹun ló ń pinnu ẹni tí yóò tètè yìn, ẹni tí yóò dìde dúró lójú ogun, àti ẹni tí yóò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Ṣakabùlà bàbá àgbà ṣì wà nínú yàrá wọn, wọ́n ti yàrá náà pa. Ọ̀pá irin rẹ̀ nìkan ni wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Wọ́n ní, ká ní àwọn lo ọ̀pá yẹn lóru ọjọ́ náà ni, àtàǹpàkò àwọn ì bá ṣì wà lọ́wọ́.