Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Nílẹ̀ Yorùbá: Ohun Tí Ìtàn Fi Lé Àwa Onífá Lọ́wọ́

Àìsàn kan ń wọlé tọ̀ wá wá lójoojúmọ́ tí kì í sọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìsoríkọ́. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń dá Ifá fún ọmọ aráyé.

Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí dókítà òyìnbó J. C. Carothers kọ lórí ọkàn àwa ènìyàn dúdú. Carothers ti ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ Mathari ní Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ dókítà ayé amúnisìn ló gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: níbo ni wọ́n ti rí àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn? Ilé àwọn wèrè ni. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, wọ́n ṣí ti Yábàá ní 1907, wọ́n sì ṣí ti Lantoro ní Abẹ́òkúta ní 1944. Ẹni tó ń jà láàárín ọjà, tó ń rìn ní ìhòòhò, ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Ẹni tó kọjú sí ògiri nínú yàrá ńkọ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, tí omijé ń dà lójú rẹ̀? Ta ni yóò pe ọlọ́pàá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ilé babaláwo ni ẹbí rẹ̀ á mú un lọ. Ẹ ò rí i pé ohun tí òyìnbó kò rí, ẹnu ọ̀nà wa ló wà!

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ló tú àṣírí náà. Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní 1954. Kàkà kó ti aláìsàn mọ́lé, inú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló fi wọ́n sí. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹbí rẹ̀ kan dání, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá láti bá a ṣiṣẹ́. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn olùwádìí lọ sí àwọn abúlé àti àdúgbò Abẹ́òkúta. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé kò sí orúkọ kan pàtó tí Yorùbá fi ń pe àìsàn yìí, ṣùgbọ́n àwọn àmì rẹ̀ pọ̀ nílẹ̀: ẹkún, àníyàn tó pọ̀ jù, àìlèjẹun, kí ayé súni. Bí ọ̀rọ̀ Carothers ṣe já sí òfo nìyẹn.

Kí ni èyí kàn wá? Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ewé. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Aro, kọ̀wé ní 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Kò sírọ́ ńbẹ̀, egbò igi náà ń mú orí tó gbóná rọlẹ̀. Èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn dókítà ń fi reserpine wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n kíyè sí i pé àwọn kan tó ń lò ó bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, àmọ́ ìkìlọ̀ tó bá oògùn náà rìn ni pé kí a má fún ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nítorí náà, ewé tó wo wèrè lè pa onírẹ̀wẹ̀sì lára. Kí a tó já ewé, kí a mọ àìsàn.

Báwo la ó ṣe mọ̀ ọ́n? Oníbèéèrè kì í sọ tẹnu rẹ̀ fún wa. Owó ló ń sọ ọ́ sí. Bí a bá sì bi í, á ní orí ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn nínú orí òun. Ẹ bi í síwájú: ṣé ó ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń wọ̀ ọ́? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọn? Ṣé ó ń rò pé òun ò wúlò mọ́? Bí èyí bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì ń bẹ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìbànújẹ́ lásán.

Okùnfà rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀, gbèsè, àìrọ́mọbí, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ọtí àmujù. Ó lè wà nínú ìdílé. Ó máa ń mú abiyamọ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, tí wọ́n á máa pè é ní ọ̀lẹ. Bí a bá fi sílẹ̀, iṣẹ́ á bàjẹ́, ilé á tú, ọmọ kò ní rí ìtọ́jú. Èyí tó burú jù ni pé ẹlòmíràn á gbẹ̀mí ara rẹ̀. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín; ṣùgbọ́n bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì bá pa òwe yẹn níwájú ọpọ́n, òwe kọ́ mọ́. Ẹ bi í lójúkojú bóyá ó ń ro ikú. Ìbéèrè náà kì í fi èrò ikú sí i lọ́kàn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti ìdènà, àwọn baba wa kò jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ dá jókòó. Kí a di àṣà yẹn mú. Kí a bẹ abiyamọ wò, kí a dín ọtí kù, kí a sì tètè gbé ọ̀rọ̀ jáde. Kí a rú ẹbọ, kí a bọ Orí. Kò sí èyí tó ní kí a má lo oògùn dókítà nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì sọ fún aláìsàn pé kó da oògùn rẹ̀ nù.

Ní oṣù kìíní 2023, Nàìjíríà gba òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin àwọn wèrè ti ayé òyìnbó. Òfin ti yí padà. Ó kù sọ́wọ́ àwa tí ẹni náà kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀kùn wa.