Ẹsẹ̀ Agbóògùn àti Àwọn Tó Ń Wádìí Ìrònú Ẹ̀dá

Orí òkè Ìdànrè ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè ṣí kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1923 kò ní ṣaláì gbọ́ nípa ẹsẹ̀ Agbóògùn. Àmì ẹsẹ̀ kan ni, lára àpáta. Àwọn àgbà ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ìbáà jẹ́ ti ọmọdé tàbí ti àgbàlagbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Èmi kò bá ìtàn jà. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé: bí ẹsẹ̀ tèmi kò bá bá a mu, ṣé màá sọ? Ta ni yóò fẹ́ kí a pe òun ní àjẹ́ lójú èrò?

Irú ìbéèrè yìí wà lára ohun tí a fi ń tọ́ àwọn tó ń kàwé gboyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú saikọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń fi àyẹ̀wò tọpinpin ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá. Ẹ̀rù, ìtìjú àti ìfẹ́ láti tẹ́ olùbéèrè lọ́rùn a máa yí èsì padà. Nítorí náà olùwádìí yóò ṣẹ́ kèké pín àwọn àlejò sí ọ̀nà méjì. Yóò sọ ìtàn àjẹ́ fún apá kan, kò ní sọ fún èkejì, yóò sì wo bóyá ìdáhùn wọn yóò yàtọ̀.

Wilhelm Wundt ló dá yàrá àyẹ̀wò fún irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1879. Nílẹ̀ wa, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ló ṣíwájú láàárín ọdún 1960 sí 1970. Ti Ìbàdàn dé lọ́dún 1976. Ṣùgbọ́n kí ti Ìbàdàn tó dé ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ráhùn pé orí àwọn ń gbóná, pé nǹkan ń rìn níbẹ̀, pé ìwé tí àwọn ń kà kò yé àwọn mọ́. Lọ́dún 1960 ó kọ̀wé nípa wọn, ó pe àìsàn náà ní brain fag. Ó ní ìkẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó, tó ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, kò bá ìgbé ayé àjọṣe wa mu. Orúkọ náà rìn jìnnà. Lọ́dún 1994 ó wọ ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń dá àrùn ọpọlọ mọ̀. Ẹ wá wò ó! Àwọn ará Ìlú Ọba ti ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe àárẹ̀ tiwọn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mórákínyọ̀ ti Ifẹ̀ ni mo kan sáárá sí jù. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1985, kò fi ìráhùn nìkan ṣe ẹ̀rí: ó yẹ làákàyè àwọn aláìsàn náà wò, ó sì wo bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ó rí i pé ìlàkàkà láti yege ń mú wọn lo ohun tí kì í jẹ́ kí oorun kun ènìyàn, tí wọ́n sì ń fi oorun du ara wọn. Ọ̀rọ̀ oorun kò le fún ẹnikẹ́ni láti lóye.

Wọ́n ń kọ́ni ní saikọ́lọ́jì ní Akùngbá náà, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bá gbé ìwé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì tọ àgbẹ̀ kòkó Ìdànrè lọ, ẹnì kan ní láti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè mọ ohun tó sọnù lọ́nà. Ṣé ìbànújẹ́ ni a ó pe "depression" ni, àbí ìrẹ̀wẹ̀sì? Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà létí àgbẹ̀.

Ní ti ẹsẹ̀ Agbóògùn, téèpù aránṣọ kan àti ìwé àkọsílẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọwá àti àwọn àgbà ìlú.