Iye ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ilé lè fi ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a tún un tàn

Àkókò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni iye wákàtí tàbí ọjọ́ tó ti kọjá láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látilẹ̀ kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ilé tí ara rẹ̀ dá, tí iná kò sì já kulẹ̀, lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú. Ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, iná ló sábà máa ń dá ọjọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Bí a ṣe ń mọ iye ọjọ́ náà

Lórí Windows, a ó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager yọ. Bí a bá wọ Performance, tí a sì tẹ CPU, a ó rí iye náà lábẹ́ Up time. Lórí Linux àti Mac, a ó tẹ uptime sínú Terminal.

Ohun tí ẹni tó ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ lálaalẹ́ bá níbẹ̀ lè yà á lẹ́nu: ó lè rí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó fà á ni Fast Startup, tó ti wà láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní 2012. Bí a bá tẹ Shut down, Windows á tọ́jú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sórí dísìkì, á sì gbé e padà bó ṣe wà nígbà tí a bá tún tan ẹ̀rọ. Restart ló ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Laptop tí a kàn pa ìdérí rẹ̀ dé sábà máa ń sùn ni, kò kú.

Ohun tó ń mú ká tún ẹ̀rọ tàn

Gbogbo ètò tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń gba àyè nínú RAM, àwọn mìíràn kì í sì í dá àyè náà padà tán. Bó bá pẹ́, ẹ̀rọ á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àtúnṣe ààbò náà wà níbẹ̀: láti 2003 ni Microsoft ti ń gbé tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì oṣù kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í sì í múlẹ̀ àfi bí a bá tún ẹ̀rọ tàn.

Àṣìṣe inú ètò náà lè fi òpin sí àkókò ìṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Windows 95 àti 98 máa ń ka àkókò ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí òǹkà náà bá kún ní 4,294,967,296, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ 49.7, ẹ̀rọ lè dá iṣẹ́ dúró. Irú rẹ̀ dé bá ọkọ̀ òfurufú Boeing 787: ní 2015, àjọ FAA ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa iná rẹ̀ látìgbàdégbà, torí pé bó bá wà lórí iná fún ọjọ́ 248 láìkú, iná inú ọkọ̀ lè lọ pátápátá.

Iná ní Òkè-Ògùn

Láti oṣù kọkànlá 2013, tí ìjọba ta iṣẹ́ pípín iná fún àwọn aládàáni, ilé-iṣẹ́ IBEDC ló ń pín iná ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àtijọ́, "NẸ́PÀ", ló ṣì wà lẹ́nu aráàlú. Ìlérí tó wà fún àwọn oníbàárà Band A ni wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Ti Band E jẹ́ wákàtí 4. Nítorí náà, bí ìlérí náà tilẹ̀ ṣẹ láìyẹ̀, kò dájú pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì yóò pé wákàtí 24 láìkú.

Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílùú bíi Ṣakí, tí Oke-Ogun Polytechnic wà. Bí iná bá ṣẹ́jú, tí UPS sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Ctrl àti S ni ọwọ́ akọ̀wé kọ́kọ́ ń lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni UPS ń dì mú, kí wọ́n fi rí àyè tan jẹnẹrétọ̀. Ohun tó wà nínú RAM tí a kò tíì tọ́jú á pòórá bí iná bá lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sórí dísìkì lọ́wọ́, fáìlì náà lè bàjẹ́. Ínfátà àti sólà ló lè gbé kọ̀ǹpútà kọjá òru, bí bátìrì wọn bá lágbára tó.

Eruku àti ooru

Ní àsìkò ọyẹ́, eruku ilẹ̀ ọ̀dàn máa ń dí fáànù àti ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Bí CPU bá gbóná dé nǹkan bíi 100°C, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á pa ara wọn kí wọ́n má baà jóná. Kí ọyẹ́ tó parí, ó yẹ ká ti gbá eruku inú rẹ̀ kúrò.

Ìwọ̀n tó tọ́

Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ Voyager 2, tí Amẹ́ríkà rán lọ sí òfurufú ní 20 oṣù kẹjọ 1977, ti ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Iná rẹ̀ ń ti ara plutonium wá. Kọ̀ǹpútà ilé kò nílò irú ìfaradà bẹ́ẹ̀. Kí a tẹ Restart lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ àti lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí a bá ti tọ́jú iṣẹ́ wa, ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ náwó sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Òkè-Ògùn, kó kọ́kọ́ ra ohun tí yóò gbé iná rẹ̀ dúró.