Ojú Irin Ìdògò àti Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́tà, nínú ilé Jaekel tí a kọ́ ní 1898, tí ẹgbẹ́ Legacy sì tún ṣe ní 2010. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ojú nìkan kò sì tó láti fi mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ọmọ Ìlaròó ní èyí tí ọwọ́ tó nítòsí ilé. Ní nǹkan bí 1930 ni ẹ̀ka ojú irin kan yà ní Ìfọ̀, tí ó gba Ìlaròó lọ dúró ní Ìdògò, kí irè oko ilẹ̀ Ẹ̀gbádò (bí a ti ń pe Yewa títí di 1995) lè tètè dé èbúté. Ọkọ̀ kì í ná ọ̀nà náà mọ́. Níbi tí irin bá ṣì wà nílẹ̀, kí olùkọ́ mú okùn ìwọ̀n dání, kí àwọn ọmọ lóṣòó, kí wọ́n wọn àlàfo àárín irin méjèèjì: ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6. Nítorí owó ni òyìnbó ṣe yan ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti yí kọ́nà, ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ kò lè pọ̀ lórí rẹ̀. Ti Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní 2021 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 àbọ̀. Bí irin Ìdògò bá tán nílẹ̀, àwòrán nìkan ni yóò kù fún wọn láti wò.

Irin náà kò tilẹ̀ dé Ayétòrò. Kí àwọn ọmọ ibẹ̀ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ wọn.