Nintendo àti Sega: Ogún Ta Ni À Ń Jẹ?

Bí àwọn èèyàn bá ń jiyàn lórí Nintendo àti Sega, iye ẹ̀rọ tí wọ́n tà ni wọ́n sábà máa ń fi dájọ́. Bí ó bá jẹ́ ti iye ni, ẹjọ́ ti parí: Super Nintendo tà tó mílíọ̀nù 49, nígbà tí Mega Drive ti Sega, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Genesis, tà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 30. Ogún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi sílẹ̀ ni èmi fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé ta kókó.

Ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 15, oṣù Keje, ọdún 1983, ni àwọn méjèèjì gbé ẹ̀rọ géèmù jáde ní Jàpáánù. Famicom ni ti Nintendo, SG-1000 ni ti Sega. Ọ̀pá ìdarí ni Sega fi ṣe tirẹ̀. Pádì pẹlẹbẹ ni ti Nintendo, ó ní àmì bí àgbélébùú tí à ń fi àtàńpàkò tẹ̀, èyí tí Gunpei Yokoi gbé kalẹ̀ ní 1982 fún géèmù alágbèéká kan. Nígbà tí Super Famicom dé ní 1990, wọ́n to bọ́tìnnì mẹ́rin sí apá ọ̀tún, wọ́n sì fi méjì sí èjìká pádì. Ẹ mú pádì PlayStation, ti Xbox, tàbí ti Dreamcast tí Sega fúnra rẹ̀ ṣe ní 1998. Ìrísí kan náà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ní ti ọwọ́, ọmọ Nintendo ni gbogbo wa.

Ogún ti Sega kò hàn sí ojú bẹ́ẹ̀, kò sì fínnú-fíndọ̀ fi èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ sílẹ̀. Accolade, ilé-iṣẹ́ aṣegéèmù kan ní California, fẹ́ ṣe géèmù fún Genesis. Àdéhùn tí Sega gbé síwájú wọn ni pé òun nìkan ni yóò máa ṣe gbogbo géèmù wọn jáde. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ra ẹ̀rọ náà lọ́jà pẹ̀lú káàtíríìjì rẹ̀, wọ́n tú ètò inú rẹ̀ wò títí wọ́n fi mọ ohun tí Genesis ń béèrè kí ó tó gba géèmù wọlé. Sega pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1991, ó sì kọ́kọ́ borí. Ṣùgbọ́n ní 1992, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Accolade láre: bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti mọ bí ẹ̀rọ kan ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ṣe àdàkọ ètò rẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò kò rú òfin. Orí ìdájọ́ yìí ni ilé ẹjọ́ kan náà dúró lé ní 2000, nígbà tí Sony gbógun ti Connectix, tó ṣe ètò tí ń mú kí géèmù PlayStation ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Macintosh. (Èyí kò sọ pé kí a máa jí géèmù onígéèmù o.) Lójú tèmi, ìjákulẹ̀ Sega yìí ṣe ayé ní oore ju ọ̀pọ̀ géèmù rẹ̀ lọ.

Ti Mortal Kombat náà wà níbẹ̀. Ní 1993, òógùn aláwọ̀ eérú ni Nintendo fi rọ́pò ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Ní ti Sega, ẹni tó bá mọ àṣírí bọ́tìnnì yóò rí ẹ̀jẹ̀ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 1994, wọ́n dá ESRB sílẹ̀, àjọ tí ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù kọ̀ọ̀kan yẹ fún. Sega ti ń ṣe irú rẹ̀ fún géèmù tirẹ̀ ṣáájú.

Ibì kan tilẹ̀ wà tí ọjà pàápàá kò ti gbe Nintendo: Brasil. Ilé-iṣẹ́ Tectoy ń ta Master System ti Sega níbẹ̀ láti 1989, ó sì gbé Mega Drive dé ní 1990, nígbà tí Nintendo kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ó túmọ̀ Phantasy Star sí èdè Pọtogí. Ó yọ akọni inú Wonder Boy kúrò, ó sì fi Mônica, ọmọdébìnrin inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ Mauricio de Sousa, rọ́pò rẹ̀. Ní 2001 ni Sega kéde pé òun jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ géèmù. Ní 2017, Tectoy tún gbé Mega Drive tuntun sí ọjà.