Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè? Ìtàn Àwọn Ilé Ìwòsàn Yábàá

Bí ẹnì kan nínú kíláàsì wa bá ṣe ohun tí kò bójú mu, kì í pẹ́ tí ẹlòmíràn yóò fi pariwo pé, "Ẹ gbé e lọ sí Yaba Left!" Gbogbo wa a sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí olùkọ́ wa béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ Yábàá, ẹnu gbogbo wa wọhò. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí, nítorí mo ti rí i pé ibi tí ìjọba bá kọ́ ilé ìwòsàn sí máa ń fi irú ojú tí wọ́n fi ń wo aláìsàn hàn, àti irú ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn tó ń gbé àdúgbò náà.

Ní ọdún 1906, ìjọba òyìnbó ṣe òfin kan tó fún gómìnà láṣẹ láti dá ilé tí wọn yóò máa kó àwọn alárùn ọpọlọ sí sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1907, ilé náà ṣí ní Yábàá pẹ̀lú aláìsàn 14: obìnrin 8 àti ọkùnrin 6. Erékùṣù ni Èkó gan-an nígbà náà. Ibẹ̀ ni ààfin ọba wà, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba wà. Ẹni tó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀ yóò gba Afárá Carter, tí wọ́n kọ́ ní 1901, dé Ìddó, yóò kọjá Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, kí ó tó kan Yábàá. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n gbé àwọn aláìsàn náà lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìhámọ́ ni ibẹ̀ jẹ́ ju ilé ìwòsàn lọ.

Ta ni wọ́n bi léèrè? Ìgbìmọ̀ aṣòfin wà lóòótọ́, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa díẹ̀ sì wà níbẹ̀, bí agbẹjọ́rò Sapara Williams. Ṣùgbọ́n gómìnà ló yàn wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Ọdún 1923 ni àwọn ará Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yan aṣojú sí ìgbìmọ̀ náà, ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún nìkan ló sì lè dìbò. Nítorí náà, ní 1907, ará Yábàá kò ní aṣojú kankan tí ó fi ìbò yàn níbi tí wọ́n ti ń pinnu.

Ìlú kò sì dúró sójú kan. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Èyí ló mú kí ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Àjọ yìí ló la ilẹ̀ Yábàá sí ojúlé fún ilé gbígbé. Láti 1955 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ìlú tó gbé aláìsàn jìnnà wá tẹ̀ lé aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí òfin 1961 dá ilé ìwòsàn LUTH sílẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, àárín àwọn èèyàn ni ó bọ́ sí, láàárín Mùṣín àti Sùúrùlérè.

Àwọn kan lè sọ pé, bí a bá ń bi ará àdúgbò léèrè, gbogbo wọn ni yóò sọ pé kí wọ́n má gbé e sí ọ̀dọ̀ àwọn. Ìtàn Arò ní Abẹ́òkúta kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Kò ti àwọn aláìsàn rẹ̀ mọ́lé. Ó bá àwọn àgbà abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí àwọn alárùn ọpọlọ wá gba yàrá lọ́dọ̀ wọn. Ará ilé aláìsàn a máa bá a gbé, yóò gba ìtọ́jú lójúmọmọ, yóò sì padà sí abúlé. Káàkiri àgbáyé ni àwọn oníṣègùn ti gbọ́ nípa ètò yìí. Ohun tí odi Yábàá kò lè ṣe, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣe é ní Arò.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ní Ebola bá ọkọ̀ òfurufú wọ Èkó, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọbaléndé. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ jáde. Nígbà tí àrùn náà ran òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Yábàá ni wọ́n kó wọn wá, sí ilé ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ràn. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa èèyàn 894 tó ti fara kan àwọn aláìsàn, wọ́n lọ láti ilé dé ilé nígbà tó tó 18,500. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ WHO kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Bí àwọn ará ilé bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà ni, kò bá má rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí ìlú ń sá fún wà lára ohun tó gba ìlú là.

Èyí ni mo rí kọ́. Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa bá jókòó láti yan ibi tí ilé ìwòsàn tuntun yóò wà, kí wọ́n má kàn béèrè iye tí ilẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n béèrè bóyá aboyún tó ń rọbí lóru lè débẹ̀. Kí wọ́n béèrè bóyá omi rẹ̀ àti ìdọ̀tí rẹ̀ kò ní ṣe àdúgbò níbi. Kí wọ́n sì pe àwọn ìyálọ́jà, àwọn onílé, àwọn ayálégbé àti àwa ọ̀dọ́, kí wọ́n gbọ́ ohùn wa kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ní tèmi, n kò pariwo "Yaba Left" mọ́. Èèyàn 14 ni wọ́n kó wọ ibẹ̀ ní 1907, wọn kò sì bi àwọn náà léèrè.