Pápá tó wà lórí pépà tí kò sí nílẹ̀: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa gbàgede gbogboogbò nínú ẹ́státì

Lọ́dún 2016, mo ra plọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ìlú Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ tí ìdílé kan ti ń sin màálù tẹ́lẹ̀ ni, kí wọ́n tó gbé e fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń gé ilẹ̀ tà. Lórí àwòrán tí wọ́n fi hàn mí, wọ́n fi àwọ̀ ewé kun ibì kan láàárín, wọ́n sì kọ "Open Space" sí i. Ajẹ́ntì náà ní, "Brọ̀dá, ibẹ̀ làwọn ọmọ yín á ti máa gbá bọ́ọ̀lù." Mo sanwó.

Nígbà tí mo fi máa bẹ̀rẹ̀ ilé, fẹ́ǹsì ti yí ibẹ̀ ká, wọ́n ti gé e sí plọ́ọ̀tì mẹ́fà. Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní àwòrán lásán ni ti àkọ́kọ́, pé àwọn ti yí i padà. Mo wá ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba tí mo lè fi bá wọn jà, kò sí lọ́wọ́ mi. Lónìí, ojú títì làwọn ọmọ àdúgbò wa ti ń gbá monkey post. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kadà gbá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà.

Kí ló ń jẹ́ gbàgede gbogboogbò?

Ilẹ̀ tí gbogbo èèyàn lè wọ̀, tí wọ́n lè jókòó sí, tí ọmọdé lè ṣeré níbẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè tà á bí ohun ìní ara rẹ̀. Plọ́ọ̀tì tí olówó rẹ̀ kò tíì kọ́lé sí kì í ṣe gbàgede. Ibi tí kò sí nǹkan kan lónìí lè di ilé alájà mẹ́ta lọ́la.

Ohun mẹ́ta ló ń sọ ilẹ̀ di ti gbogboogbò ní tòótọ́: kó ní ààlà tirẹ̀ nínú ìwé surveyor, kí ìwé kan wà tó sọ pé ohun tó wà fún nìyí, kí ẹnì kan tàbí àjọ kan sì wà tó ń bójú tó o lórúkọ gbogbo ará àdúgbò. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọ̀ ewé lásán lẹ rà.

Kò ṣàjèjì sí wa

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni. Rárá o. Nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dún 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ààfin gba ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì kan níbùú lóòró, ó sì ní gbàgede ńlá méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan tó kọjú sí àríwá. Nínú Ọ̀yọ́ ti òní, ẹ wo Akẹ̀sán lẹ́bàá ààfin Aláàfin. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni kò mọ Tákìé? Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú tí kò ní ibi ìpàdé kì í ṣe ìlú. Àwa tá a ń gé oko di ẹ́státì lónìí la gbàgbé.

Ráńṣì tó di ìlú

Nítorí pé ilẹ̀ màálù ni tiwa tẹ́lẹ̀, mo wá ibòmíì tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìtàn tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti Irvine, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ráńṣì ńlá kan ló wà níbẹ̀, ìyẹn ọgbà ẹran ọ̀sìn tó tó nǹkan bí éékà 93,000 ní àwọn ọdún 1960. Lọ́dún 1897, James Irvine tó ni ín ti fún ìjọba ìbílẹ̀ Orange County ní éékà 160 nínú rẹ̀, kó lè di ọgbà ìgbafẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ọgbà náà ṣì wà títí dòní. Nígbà tí ráńṣì yìí wá ń di ilé, tí Irvine sì di ìlú lábẹ́ òfin lọ́dún 1971, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn ará ibẹ̀ pé gbogbo òkè àti àfonífojì ni ilé máa bò.

Lọ́dún 1988, wọ́n dìbò lórí àdéhùn kan pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó ni ilẹ̀ náà. Ibi tó wù mí jù nínú àdéhùn náà ni pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é: bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ń rí àṣẹ kọ́lé ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ilẹ̀ gbangba fún ìlú ní apá kejì. Kò sí pé "ẹ jẹ́ ká tà tán ná, a máa fún yín tó bá yá." Lọ́dún 2010, ilé-iṣẹ́ yẹn tún gbé nǹkan bí éékà 20,000 fún Orange County.

Kì í ṣe inú rere nìkan ló mú un ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1965, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Quimby Act ti fún àwọn ìlú Kalifóníà lágbára láti béèrè ilẹ̀ ìgbafẹ́ tàbí owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gé ilẹ̀ fún ilé. Éékà 3 fún ẹgbẹ̀rún èèyàn kan ni òṣùwọ̀n tí òfin náà gbé kalẹ̀.

Òfin tiwa ńkọ́?

Àwa náà ní òfin. Land Use Act ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún aráàlú. Òfin yẹn kan náà ya ilẹ̀ màálù sọ́tọ̀: hẹ́kítà 500 ni ìjọba ìbílẹ̀ lè fúnni mọ fún iṣẹ́ oko, hẹ́kítà 5,000 fún ìdaran, àfi tí gómìnà bá fọwọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ìwé òfin ọdún 1999 sì kọ ọ́ pé kíkọ́ àti títọ́jú páàkì, ọgbà àti gbàgede wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìyẹn ni pé kánsù Atìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́, Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ méjèèjì ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká tó wá máa pariwo pé ìjọba kò ṣe nǹkan, ǹjẹ́ a ti kọ lẹ́tà sí wọn rí?

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Àjọ UN-Habitat dámọ̀ràn pé kí ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìlú jẹ́ gbàgede, láìka títì mọ́ ọn. Tí ẹ́státì yín bá jẹ́ éékà 20, éékà 3 sí 4 nìyẹn. Pápá bọ́ọ̀lù gidi kò tó éékà 2. Nítorí náà, àyè á ṣẹ́ kù fún igi, bẹ́ǹṣì àtàwọn ìyá arúgbó tó fẹ́ gba atẹ́gùn.

Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́

Ọ̀nà tí mo rí jù ni mẹ́ta. Àkọ́kọ́, àwòrán ẹ́státì kò dé ọ́fíìsì Town Planning rárá. Ìkejì, olórí ẹbí dá fúnni nílẹ̀, àwọn àgbà ẹbí tó kù kò fọwọ́ sí i, nígbà tó sì yá, àwọn ọmọ onílẹ̀ padà wá tà á. Ìkẹta, àwa fúnra wa sọ ọ́ di ààtàn. Ibi tó bá ti di ààtàn, ẹnì kan á fi "àtúnṣe" bojú, á kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

1. Ẹ béèrè ẹ̀dà àwòrán ẹ́státì tó ní òǹtẹ̀ Town Planning, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.
2. Ẹ ní kí surveyor yín fi pílà gbàgede náà hàn yín nílẹ̀, kì í ṣe lórí pépà nìkan.
3. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ gbàgede náà sínú ìwé àdéhùn yín, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e sílẹ̀. Kó ṣáájú kí wọ́n tó ta plọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn.
4. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jọ fọwọ́ sí i.
5. Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ tètè dá ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀. Ẹ gbin igi, ẹ gbé góòlù síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ ṣòro láti jí tà.

Ọmọ tí ọ̀kadà gbá yẹn ti ń rìn báyìí, a dúpẹ́. Àwa onílé mọ́kànlá ti ń dá owó jọ láti ra ọ̀kan padà nínú plọ́ọ̀tì mẹ́fà yẹn. Ohun tó yẹ ká gbà lọ́fẹ̀ẹ́ la fẹ́ fowó rà. Ẹ má jẹ́ kó di tiyín.